Kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kàn: Lawrence Hall of Science, lórí òkè Berkeley

ỌmọOríÒkè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará ibí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ń tú àpótí bàbá mi tó di olóògbé lọ́dún tó kọjá, mo bá kan ìwé gígùn kan tí wọ́n ká bí ẹní. Ìwé náà ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, etí rẹ̀ ti ń já, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ sórí rẹ̀ ṣì hàn ketekete: PICO. FERMI. PICO PICO. BAGELS. Nísàlẹ̀ pátápátá, bàbá mi fi bírò kọ ọ́ pé, "Ọjọ́ tí ọmọ mi borí ẹ̀rọ." Ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn ni mo jókòó sí tí mo sunkún títí.

Ọdún 1974 ni. Bàbá mi ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì California ní Berkeley, èmi sì jẹ́ ọmọ ọdún 10. Ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ìdílé, ní Albany, là ń gbé. Bó bá di Sátidé tí màmá mi lọ síbi iṣẹ́, bàbá mi á mú mi gun òkè ẹ̀yìn yunifásítì lọ sí Lawrence Hall of Science. Mùsíọ́ọ̀mù ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń kọ "Má fọwọ́ kàn án" sára ògiri rẹ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n ṣí i. Ernest Lawrence ni wọ́n fi sọrí, onímọ̀ físíìsì tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1939 nítorí ẹ̀rọ cyclotron tó ṣe, èyí tó ń mú kí àwọn ègé inú átọ́ọ̀mù sáré. Bí o bá dúró níta ilé náà, tí kùrukùru kò bá bolẹ̀, o máa rí omi San Francisco nísàlẹ̀ àti afárá Golden Gate lọ́ọ̀ọ́kán.

Afárá kọ́ ni mo ń bá lọ. Yàrá kan wà nínú ilé náà tí mo ti máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, gbà-gbà-gbà-gbà, tí aago kékeré kan á sì dún gbin láàárín rẹ̀. Ẹ̀rọ Teletype ni wọ́n tò síbẹ̀, ọmọdé sì ló jókòó sídìí gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni mo ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀, ẹ dà? Ẹ̀yin tí tiyín jẹ́ ibòmíràn, ẹ wá sọ ọ́ ká gbọ́.

Àdùkẹ́Oakland

Háà! Mo mọ ibẹ̀! Àmọ́ ẹ̀yin ti lọ ṣíwájú mi. Ọdún 1980 ni wọ́n kó kíláàsì wa lọ, kọ̀ǹpútà Commodore PET ni èmi sì bá pàdé. Ọdún 1977 ni PET jáde, ọdún kan náà pẹ̀lú Apple II àti TRS-80. Ojú kan ni gbogbo ẹ̀ wà: síkíríìnì, kíbọ́ọ̀dù, àti ibi tí a ń ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ kéékèèké, ó le, bíi ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n tò sínú páálí.

Kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Irú èyí tí màmá mi fi ń gbọ́ orin jùjú nílé gan-an ni! Kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ sójú pé PRESS PLAY ON TAPE #1, èmi á tẹ̀ ẹ́, gbogbo wa á sì jókòó, a ń wò ó, ìṣẹ́jú lórí ìṣẹ́jú, kí eré tó wọlé. Mo délé mo bi màmá mi bóyá a lè ki kásẹ́ẹ̀tì jùjú wọn bọ inú kọ̀ǹpútà kó bá wa jó. Wọn ò rẹ́rìn-ín o. Wọ́n ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

AkinPeckham

Ẹ̀gbọ́n mi ỌmọOríÒkè, ẹ kú ará fẹ́ra kù bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Ìbéèrè kan: kí ni Teletype yìí jẹ́ gan-an? Ṣé kò ní síkíríìnì ni?

Tèmi, London ni. Ọdún 1991, mo jẹ́ ọmọ ọdún 9, wọ́n kó wa lọ sí Science Museum ní South Kensington. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe apá ìṣirò Difference Engine No. 2 parí ni, ẹ̀rọ ìṣirò tí Charles Babbage ya àwòrán rẹ̀ láàárín ọdún 1847 sí 1849 tí kò sì rí i ṣe títí ó fi kú. Ọdún tó pé 200 ọdún tí wọ́n bí i ni mùsíọ́ọ̀mù ṣe é jáde. Idẹ àti irin, ó ga ju olùkọ́ wa lọ, nọ́ńbà wà lára òpó rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ibẹ̀ ni mo dúró sí títí wọ́n fi wá mi. Ṣùgbọ́n a ò lè fọwọ́ kàn án. Bí mo ṣe ka ohun tí ẹ kọ, mo mọ ohun tí mo pàdánù.

ỌmọOríÒkè

@AkinPeckham, ẹ ṣé, àbúrò mi.

Kò sí síkíríìnì rárá. Teletype Model 33 dà bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá tó dúró lórí ẹsẹ̀ irin. O máa tẹ̀ ẹ́, ohun tí o tẹ̀ á jáde sórí ìwé tó ń ti inú róòlù bọ̀, ìdáhùn kọ̀ǹpútà á sì jáde sórí ìwé kan náà, lábẹ́ tìrẹ. Lẹ́tà 10 ló ń tẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lẹ́tà 72 ló ń gba orí ìlà kan, nítorí náà bí ìlà bá kún, o máa dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 7 kó tó parí. Ẹ ò mọ bí ìdúró yẹn ṣe dùn tó! Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń já bọ́, ìwọ ń fọkàn parí ọ̀rọ̀ náà kí ẹ̀rọ tó parí rẹ̀. Tábìlì ń gbọ̀n. Òórùn òróró ẹ̀rọ ń ta sí ọ nímú.

Kọ̀ǹpútà gan-an kò sí níwájú wa. Ó wà níbòmíràn, ọ̀kan ṣoṣo ló sì ń dá gbogbo wa lóhùn. Bàbá mi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ní: "Ṣé o rántí ìyá olóúnjẹ ní Dùgbẹ̀? Ó bu ṣíbí kan sínú àwo ẹni yìí, ó bu ṣíbí kan sínú ti ìyẹn, ó tún padà sí ti ẹni àkọ́kọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá yá tó, oníkálukú á rò pé òun nìkan ló ń dá lóúnjẹ." Mo ti ka ìwé lórí kọ̀ǹpútà gan-an lẹ́yìn ìgbà yẹn, mi ò rí èyí tó ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní apá òsì Teletype ni ibi tó ń lu ihò sára tẹ́ẹ̀pù bébà wà. Ihò 8 ló lè wà ní ìbú tẹ́ẹ̀pù fún lẹ́tà kan. Bí o bá fẹ́ tọ́jú ètò tí o kọ, ìyẹn àwọn àṣẹ tí o tò fún kọ̀ǹpútà, o máa lù ú sórí tẹ́ẹ̀pù, o máa ká a, o máa mú un lọ sílé. Agolo bisikíìtì ni mo ń kó tèmi sí. Ihò tó bá já kúrò lára tẹ́ẹ̀pù á kúnlẹ̀, kéékèèké bíi gààrí, èmi á sì bù ú sápò.

ỌmọOríÒkè

Mo gbàgbé ohun tó ṣe pàtàkì jù.

Èdè BASIC là ń kọ, èyí tí Kemeny àti Kurtz gbé jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Dartmouth lọ́dún 1964 kí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò lè bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló kọ́ mi ní ìlà méjì àkọ́kọ́:

10 PRINT "ORUKO MI"
20 GOTO 10

Orúkọ mi gan-an ni mo fi síbẹ̀. Ìlà kejì ní kó padà sí ìlà 10. Mo tẹ RUN, pé kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ mi. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ìwé ń tú sílẹ̀, kò dúró. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé mo ti ba ẹ̀rọ àwọn òyìnbó jẹ́, wọ́n á sì lé bàbá mi kúrò ní yunifásítì. Mo ti fẹ́ sá.

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wá, ó na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ó tẹ BREAK. Gbogbo ariwo náà dákẹ́. Ó ka ìwé tó ti tú sílẹ̀, ó ní orúkọ mi dára, ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pè é. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ó dáa, báwo la ṣe máa sọ fún un pé kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá péré?" Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ FOR àti NEXT, àṣẹ tó ń sọ iye ìgbà tí ẹ̀rọ máa ṣe nǹkan. Wọ́n ò bá mi wí. Mo ti ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ọdún 35, mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́, ọwọ́ obìnrin yẹn tó kọjá èjìká mi ni mo ń rántí nígbàkúùgbà tí ọmọ iṣẹ́ bá ba nǹkan jẹ́.

YẹmíÈkó

Mo ń ka èyí níbi iṣẹ́, omi ń dà lójú mi. Ẹ máa bá a lọ.

BàbáKáàdì

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ọmọ Orí Òkè, bàbá tó bí ọ ṣe iṣẹ́ bàbá.

Èmi náà lo kọ̀ǹpútà láàárín àwọn ọdún 1970 yẹn, ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá níbí. Ṣùgbọ́n n kò rí i. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọdún méjì ni mo fi lo kọ̀ǹpútà tí n kò fi ojú kàn án. Káàdì páálí tí ẹ̀rọ ń lu ihò sí la ń lò. Òpó 80 ló wà lórí káàdì kan, káàdì kan sì ni ìlà kan. Bí ètò rẹ bá jẹ́ ìlà 300, káàdì 300 lo máa gbé lọ́wọ́. O máa lọ síbi ẹ̀rọ tó ń lu káàdì, o máa tẹ̀ ẹ́. Bí o bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, káàdì yẹn ti bàjẹ́, o máa mú òmíràn. O máa fi rọ́bà dè wọ́n, o máa nà wọ́n sí ọkùnrin kan lójú fèrèsé. Ọkùnrin yẹn á gbà á, á ní "Wá lọ́la." Bí o bá dé lọ́la, wọ́n á na bébà sí ọ pé àmì kómà kan kò pé ní káàdì 47. O tún padà.

Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, mo yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, káàdì mi tú ká sínú omi. Ẹni tó bá gbọ́n máa ń fi gègé fa ìlà kan tó dàgẹ̀rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ìdìpọ̀ káàdì náà kọjá, kó lè mọ ipò wọn bí wọ́n bá tú. Èmi kò fa ìlà. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rí wọn tò padà.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ rẹ fi wọ̀ mí lára, ọmọ mi. Ọmọ ọdún 10 jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó béèrè, ẹ̀rọ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Àwa tí a jẹ́ géńdé, fèrèsé la ń bá sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́Oakland

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ yẹn o. Bí ẹ bá wá sọ́dọ̀ wa ní California, mo máa gbé yín lọ sí Computer History Museum ní Mountain View. Wọ́n ní yàrá kan níbẹ̀ tí wọ́n ti tún kọ̀ǹpútà àtijọ́ IBM 1401 ṣe, ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n jẹ́ kí ọmọ mi lu orúkọ rẹ̀ sórí káàdì. Ó ṣì wà lára fìríìjì wa.

BàbáKáàdì

Ọmọ mi, bí ẹ̀mí bá wà, mo máa wá. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹ̀rọ yẹn kí n tó re ibi àgbà ń rè.

AmìOhùn

Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Ṣé ẹ kọ Yorùbá lórí ẹ̀rọ yẹn rí?

ỌmọOríÒkè

@AmìOhùn, ìbéèrè yín dára gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni, mo kọ ọ́.

Ètò kan wà níbẹ̀ tó ń báni sọ̀rọ̀, irú ELIZA tí Joseph Weizenbaum ṣe ní yunifásítì MIT lọ́dún 1966. Á ní kí o sọ ohun tó ń dùn ọ́, á mú ọ̀rọ̀ rẹ, á yí i padà di ìbéèrè. Lọ́jọ́ tí a gbọ́ pé ìyá àgbà mi kú ní Ìbàdàn, a ò rówó wọkọ̀ òfuurufú. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn mo kọ ọ́ pé MO FE LO SILE. Ó ní kí n máa sọ̀rọ̀ lọ. Mo mọ̀ pé kò gbọ́ Yorùbá. Síbẹ̀ mo ń sọ ọ́ lọ títí bàbá mi fi dé. Wọ́n ka ohun tí mo kọ. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn jókòó tì mí.

Lẹ́tà ńlá nìkan ni Teletype náà ní. Kò sí ẹ, kò sí ọ, kò sí ṣ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti àmì ohùn. Bàbá mi mú bírò, wọ́n fi àmì sábẹ́ E àti O tí mo tẹ̀, wọ́n fi àmì sórí wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, "Bí ẹ̀rọ ò bá mọ̀ ọ́n kọ, ìwọ má gbàgbé rẹ̀."

AmìOhùn

Ẹ ti pa mí lẹ́kún.

Kí n ṣàlàyé fún àwọn tó ń kà: kóòdù ASCII tí ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ń lò, tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, àyè 128 péré ló ní, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n. Ní Unicode tòní, kóòdù tó wà fún èdè káàkiri ayé, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9, lẹ́tà ọ náà ní tirẹ̀, U+1ECD. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kọ ẹ́ tàbí ọ̀, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un títí di òní. Ẹ máa kọ lẹ́tà, ẹ máa wá gbé àmì lé e lórí. Ohun tí bàbá yín fi bírò ṣe lọ́jọ́ yẹn náà ni kọ̀ǹpútà ń ṣe báyìí.

Olùkọ́Ìṣirò

Ẹ̀yin ará, gbogbo yín sọ̀rọ̀ PICO àti FERMI kọjá, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé. Báwo ni wọ́n ṣe ń ta á? Mo ní kíláàsì lọ́jọ́ Ajé.

ỌmọOríÒkè

Ẹ má bínú! Bagels ni orúkọ eré náà, Lawrence Hall gan-an ni wọ́n ti kọ ọ́. Búrẹ́dì róbótó tó ní ihò láàárín ni bagel. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo gbà pé nítorí ó jọ òdo ni wọ́n ṣe lò ó.

Ẹ̀rọ á fi nọ́ńbà kan tó ní fígọ̀ mẹ́ta, láti 0 sí 9, pamọ́ sínú, kò sí èyí tó jọra nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwọ á máa méfò rẹ̀, ìgbà 20 lo lè gbìyànjú. PICO: o mọ ọ̀kan, àmọ́ kò sí ní àyè rẹ̀. FERMI: o mọ ọ̀kan, ó sì wà ní àyè rẹ̀. BAGELS: o ò mọ ìkankan. Kò ní sọ èyí tí o mọ̀ fún ọ.

Mo ti fi ọ̀kan pamọ́ báyìí. Mo ti kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé bàbá mi. Ó yá.

Àdùkẹ́Oakland

123

ỌmọOríÒkè

BAGELS

BàbáKáàdì

456

ỌmọOríÒkè

PICO

AkinPeckham

574

ỌmọOríÒkè

FERMI

Olùkọ́Ìṣirò

Ẹ dúró ná, ẹ dúró! Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà 720 ló ṣeé ṣe níbẹ̀rẹ̀, nítorí 10 ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni. Ẹ rò pé BAGELS burú? Òun ló ṣe wá lóore jù: ó lé 1, 2 àti 3 dànù, ó ku 210. PICO ti Bàbá sọ fún wa pé ọ̀kan péré nínú 4, 5, 6 ló wà níbẹ̀, kò sì sí níbi tí Bàbá fi í sí. Ó ku 72. FERMI ti Akin wá gé e kù sí 15. Ìbéèrè mẹ́ta péré!

Ogún ọdún ni mo ti ń wá ọ̀nà tí mo fi máa jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i pé "rárá" náà jẹ́ ìdáhùn. Inú ìwé bàbá yín ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n méfò tèmi: 589.

ỌmọOríÒkè

PICO FERMI

Olùkọ́Ìṣirò

Ó ku mẹ́ta. Mo mọ̀ wọ́n. Mi ò ní sọ, ẹlòmíràn ló kàn.

ÌyáÌbejì

Ẹ dákun, mo kàn ń kà á lórí fóònù ni, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 wá dúró sẹ́yìn mi. Ó ti fi pẹ́ńsù kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé iṣẹ́ ilé rẹ̀. Ó ní ó lè jẹ́ 590, ó lè jẹ́ 984, ó lè jẹ́ 508. Mo ní kó mú ọ̀kan. Ó ní 508.

ỌmọOríÒkè

YOU GOT IT!!!

Ẹ bá mi sọ fún un pé ó borí. Bí ẹnìkan bá borí, ẹ̀rọ náà máa ń tẹ ìbéèrè kan sí i: PLAY AGAIN (YES OR NO)?

ÌyáÌbejì

Ó ní YES. Ó ní òun ló máa fi nọ́ńbà pamọ́ báyìí, kí Bàbáa Káàdì kọ́kọ́ méfò rẹ̀.